Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Tẹ̀ Nítorí Yàrá Iwájú

Ojú ewé kẹtàlélógún iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ni mo wà lọ́jọ́ tí nǹkan yìí kó sí mi lórí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígbà náà ní Mayfair, àdúgbò kan tí kò jìnnà sí yunifásítì: tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ táìpù kan tí lẹ́tà "e" rẹ̀ máa ń há. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé iṣẹ́ wọn wá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ iṣẹ́ lórí kòkó, lórí eyín ọmọdé, lórí afárá, mi ò sì rántí ọ̀kankan nínú wọn. Ojú mi á máa kà, ọwọ́ mi á máa tẹ̀, ọkàn mi á wà lọ́dọ̀ ọbẹ̀ tí mo máa sè.

Lọ́jọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ṣe ní 1979. Mo tẹ abala 16, níbi tó ti ní kí ìjọba darí ètò rẹ̀ síbi tí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè á ti rí ibùgbé tó bójú mu. Mo tẹ abala 17, tó dá lórí iṣẹ́ àti ìlera. Mo tẹ abala 18, tó ní kí àǹfààní ẹ̀kọ́ tó, kó sì dọ́gba. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ti jókòó kọ irú nǹkan báyẹn sílẹ̀ nítorí tèmi. Mo yọ bébà, mo ki òmíràn bọ̀ ọ́, mo sì bá abala 6 pàdé, ìpín kẹfà, lẹ́tà "c": agbára ilé ẹjọ́ kò dé ibi tí wọ́n á ti máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba tẹ̀ lé gbogbo ìyẹn tàbí kò tẹ̀ lé e.

Mo dáwọ́ dúró. Mo ka ojú ewé méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ṣì í kọ. Nígbà tó wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i.

"Lọ́yà mi, ẹ ti ṣàṣìṣe níbí."

"Àṣìṣe báwo, Àǹtí?"

"Ẹ ní ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ tún ní kóòtù ò gbọ́dọ̀ bi í pé ṣé ó ṣe é. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. "Méjèèjì ni, Àǹtí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Orí Kejì ni ọ̀nà tí wọ́n ní kí ìjọba máa gbà. Orí Kẹrin ni ẹ̀tọ́ yín. Bí wọ́n bá tẹ ti Orí Kẹrin lójú, ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Bí wọn ò bá ṣe ti Orí Kejì, ẹ dìbò lé wọn lọ."

"Àwọn ológun yìí la máa dìbò lé lọ?"

Ó yíjú wo títì bóyá ẹnì kan ń gbọ́ wa. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra ìwé òfin náà ní àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì. Kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, àmọ́ gbogbo abala rẹ̀ pé. Mo ka iye wọn kí n tó kúrò níwájú ọkùnrin náà. Mo fa ìlà sáàárín ìwé àjákọ kan. Ọwọ́ òsì ni mo kọ Orí Kejì sí: abala 13 dé 22, mẹ́wàá géérégé. Ọwọ́ ọ̀tún ni Orí Kẹrin: abala 30 dé 42, mẹ́tàlá. Bí lọ́yà bá gbé ìwé ẹjọ́ wá kí n tẹ̀ ẹ́, mi ò kì í jẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé mo bi í ní ìbéèrè kan. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú, ọwọ́ òsì tàbí ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Omi ẹ̀rọ ò yọ: ọwọ́ òsì. Ọlọ́pàá ti ẹnì kan mọ́lé láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un: ọwọ́ ọ̀tún, abala 32.

Obìnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Ẹ̀yin Orí Kẹrin, iná ti lọ o! Orí mélòó nìyẹn?"

"Orí Kejì."

"Ó dáa. Ẹ bá mi pe Orí Kejì kó wá tan iná, mo ní aṣọ ìyàwó láti rán."

Kí n sọ òótọ́, nọ́ńbà ni mo mọ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú nọ́ńbà náà ṣì ń rú mi lójú. Bí ilé ìwé bá kọ̀ láti gba ọmọ kan nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn, lọ́wọ́ òsì, àbí ti abala 39, tó ní a ò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú, lọ́wọ́ ọ̀tún? Ìjọba ológun tún wá gbé apá kan nínú ìwé náà tì, wọ́n fi apá kan sílẹ̀, wọ́n sì ń fi òfin tiwọn lé e lórí. Ní ọdún kejì, ìwé àjákọ mi ti kún fún ọfà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òsì àti ọ̀tún. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, mo máa ń dá a lóhùn kíá.

Bí mo ṣe dá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lóhùn kíá náà nìyẹn.

Màmá la máa ń pè é. Òun ló tọ́ mi dàgbà, ní ilé bàbá wọn ní Ilare, àdúgbò mìíràn nínú ìlú kan náà. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níta. Yàrá iwájú, èyí tó kọjú sí títì, ni wọ́n sin bàbá Màmá sí. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ojú sàréè náà, ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni Màmá tẹ́ ẹní rẹ̀ sí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó ti padà sílé. Àárọ̀ àárọ̀ ló máa ń kí bàbá rẹ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì dé láti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú tépù àti agolo ọ̀dà pupa. Wọ́n wọn títì, wọ́n wọn iwájú ilé, wọ́n sì fa ọ̀dà sára ògiri ẹ̀gbẹ́ yàrá iwájú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n sọ fún ará ilé kan tó ń gbálẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fẹ títì, wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà, gbogbo ohun tó wà níwájú ìlà náà ló máa lọ. Wọn ò fi ìwé kankan sílẹ̀. Ìlà náà gba àárín sàréè kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Màmá wọlé sí mi ní Mayfair. Kò jókòó.

"Ìwọ tí o ń ka ìwé ìjọba lójoojúmọ́, kí ni ìwé náà sọ nípa bàbá mi?"

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mi ò tilẹ̀ ṣí ìwé náà. Ilé ni, mo sọ lọ́kàn ara mi. Ilé ni ibùgbé, ibùgbé wà ní abala 16, abala 16 wà ní Orí Kejì, ọwọ́ òsì.

"Màmá, kóòtù ò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀bẹ̀ ló kù."

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo mọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Kí ni gbogbo ìwé tí o ń kà wá wà fún?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ki bébà mẹ́ta àti kábọ́ǹnù méjì bọ inú táìpù, Màmá sì jókòó níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo máa kọ.

"Kọ́kọ́ kí wọn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Kí la fẹ́ dúpẹ́ fún, Màmá?"

"Pé wọ́n kọ́kọ́ rán èèyàn wá. Ṣé wọn ò lè dé lọ́jọ́ kan kí wọ́n kàn wó o ni? Ta ló ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé tí ò ní kí onílé?"

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Mo ní àwa ìdílé dúpẹ́ gan-an fún ìkìlọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ti fún wa ṣáájú, àti fún bí wọ́n ṣe fi sùúrù gbọ́ tẹnu wa. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ti Màmá. Ìkejì jẹ́ tèmi. Mo máa ń fi í sínú gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo bá tẹ̀, ẹni tí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ àti ẹni tí wọn ò gbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí ó máa ń dùn lẹ́tí, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n yẹ̀ kúrò lórí sàréè. Màmá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra mi, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, lọ́yà àgbàlagbà kan tó máa ń gbéṣẹ́ wá fún mi gbé ìwé ẹjọ́ àgbẹ̀ kan dé. Wọ́n gba oko àgbẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mo dé ibi tí lọ́yà ti da abala 40 kọ: a kò gbọ́dọ̀ fi ipá gba ohun ìní ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe èyí tó ṣeé gbé tàbí èyí tí kò ṣeé gbé, àyàfi bí òfin bá là á sílẹ̀ pé kí wọ́n san nǹkan dípò rẹ̀ kíákíá, kí onítọ̀hún sì lè lọ sí kóòtù. Mo lọ ṣí ìwé àjákọ mi. Mo ti da abala yẹn kọ síbẹ̀ rí, lọ́wọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé. Oko ni mo máa ń rí lọ́kàn mi bí mo bá ń kà á, tàbí mọ́tò. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ilé kan náà lè jẹ́ ibùgbé nínú Orí Kejì, kó tún jẹ́ ohun ìní nínú Orí Kẹrin.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà nígbà tó wá gbaṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n fún yín ní ìwé ìkìlọ̀?"

"Rárá, sà."

"Ṣé wọ́n pè yín kí ẹ wá sọ tẹnu yín?"

"Wọn ò pè wá, sà. Ọ̀dà ni wọ́n kàn fà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ara wọn. "Abala 33 wà níbẹ̀ nìyẹn, pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó pinnu lé e lórí. Abala 40 wà níbẹ̀. A máa kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n fún wa ní oṣù méjìlá láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò tíì pẹ́. Ẹ ò ṣe nǹkan kan láti ìgbà yẹn?"

"A ti kọ̀wé, sà." Mo fi ẹ̀dà kábọ́ǹnù lé e lọ́wọ́. Kí n má purọ́, mò ń retí kó yìn mí.

Ó kà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi, ẹ ní wọ́n fún yín ní ìkìlọ̀. Ẹ ní wọ́n fi sùúrù gbọ́ tẹnu yín. Màmá sì tẹ̀ka sí i."

"Ìkíni lásán ni, sà."

"Èmi mọ̀ pé ìkíni ni. Ìwọ náà mọ̀. Lọ́yà tiwọn máa dìde, á kà á sókè fún adájọ́, á sì jókòó. Ó tán nìyẹn."

Mo ní abala 40 ṣì kù fún wa. Ó mi orí. Ó ní abala 40 ò sọ pé kí wọ́n má gba ilé o. Ó ní bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n sanwó.

"Wọ́n fẹ́ sanwó bàbá Màmá?" ni mo bi í.

Ó dá ẹ̀dà kábọ́ǹnù náà padà fún mi. "Ìyẹn ò sí nínú ìwé." Ó ní òun máa kọ lẹ́tà sí wọn ná, kí wọ́n mọ̀ pé a ti ní lọ́yà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Má bá wọn dúpẹ́ mọ́ o."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń wá ẹnu ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wọlé. Abala 34 ní a gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ èèyàn àti ilé rẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fagi lé e, mo tún un kọ. Abala 35 dá lórí ẹ̀sìn. Màmá ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, bàbá rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ kò dé ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ẹ̀sìn ta ni wọ́n fẹ́ wó? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ rọrùn fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, pé èyí ṣeé gbé lọ sí kóòtù, ìyẹn ò ṣeé gbé lọ, ti dà rú mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti ṣí ìwé lọ́jọ́ tí Màmá dé, kí n tó lanu, a kì bá tí fi ọwọ́ ara wa kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Màmá ò dúró de lọ́yà. Ó ní kí n sin òun lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ òde ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ń bójú tó títì àti gọ́tà. Ọkùnrin náà kò lè ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ìwé pọ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti fi bébà sààmì sí abala 40, bí wọ́n ṣe ní ká wọlé ni mo ṣí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mi ò tíì dé àárín rẹ̀ tí mo gbọ́ ìró nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá ti kúnlẹ̀.

Ọ̀gá náà fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Háà! Màmá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Mi ò dìde. Bàbá mi lẹ fẹ́ là sí méjì."

"Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ò tó yín lọ́jọ́ orí." Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé Màmá dìde. Ó gbójú sókè wò mí. "Ẹ̀yin náà, ẹ ń ka òfin sí mi létí, màmá ń kúnlẹ̀. Èwo nínú yín ni kí n dá lóhùn?"

Mo wo ìwé, mo wo Màmá. Bí a bá ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan, kí ló kan ìkúnlẹ̀? Bí a bá sì kúnlẹ̀, ṣé a ṣì lè sọ pé ẹ̀tọ́ wa ni? Mo pa ìwé dé. Màmá ò dìde títí ọkùnrin náà fi ní àwọn máa lọ tún un wò.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé dé. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ẹ̀bẹ̀ màmá dáadáa, láìgbà pé ohunkóhun tí lọ́yà wa sọ tọ̀nà, wọ́n ti sún ìlà títì náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé nìkan ló máa lọ. Wọ́n fi kún un pé àánú ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n jẹ wá ní ohunkóhun. Mo kà á fún Màmá, mo sì túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Orúnkún mi ló ṣe é," ni Màmá wí.

"Lẹ́tà tí mo kọ ló ṣe é," ni lọ́yà wí nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bí wọ́n bá ti ní àwọn ò gbà pé o tọ̀nà, ẹ̀rù ń bà wọ́n nìyẹn."

Ó tó ọdún kan kí n tó tún rí ọ̀gá iṣẹ́ òde náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ wá kí n tẹ̀ ẹ́. Kò dá mi mọ̀. Mo dá a mọ̀ ní tèmi, mo sì bi í nípa ìlà náà.

"Ìlà yẹn? Ìlà yẹn ò tọ́ tẹ́lẹ̀," ló sọ. "Àwọn tó wọ̀n ọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí títì dípò àárín rẹ̀. Nígbà tí a tún un wọ̀n la rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi wá. Màmá ń kúnlẹ̀, ẹ̀yin ń kàwé."

"Kí ló wá jẹ́ kí ẹ tún un wọ̀n?"

Ó ti ìwé tó gbé wá sún mọ́ mi. "Mi ò lè sọ. Lẹ́tà lọ́yà wà lórí tábìlì, ìkúnlẹ̀ màmá wà lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti fi ọjọ́ sí i."

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, ìwé òfin tuntun jáde, mo sì ra tèmi ní tuntun, pẹ̀lú èèpo ẹ̀yìn. Orí Kejì ti di abala 13 dé 24, méjìlá; wọ́n fi ọ̀rọ̀ àyíká àti ojúṣe ará ìlú kún un. Orí Kẹrin ti di abala 33 dé 46, mẹ́rìnlá. Abala 40 tèmi ti di 44. Mo wá ọ̀rọ̀ ibùgbé kiri bóyá wọ́n ti gbé e kọjá sí Orí Kẹrin. Abala 16 ló ṣì wà, Orí Kejì. Abala 6, ìpín kẹfà, lẹ́tà "c", kò kúrò níbi tó wà.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà ní Ilare. Wọ́n wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá jókòó sínú yàrá iwájú ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń wó o. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jáde pẹ̀lú tépù, mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa sí àṣìṣe. Láti etí gọ́tà dé ògiri yàrá iwájú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínṣì méje. Láti ògiri dé ibi tí sàréè ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ínṣì kan.